Ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ ní Ṣọ́ọ̀bù Aránjẹ́sì

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, nítorí wọ́n ti ń parí ìwé mẹ́wàá, wọn ò sì tíì mọ ohun tí wọ́n máa kọ́. Mo sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́, kí n kọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ni mo rán ní Adó-Èkìtì níbí, láti ìgbà ọmọge mi títí di èṣí, tí ojú mi kò jẹ́ kí n rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tó máa sọ yín di olówó kíákíá, ẹ fò mí kọjá. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, ó rán àwọn ọmọ mi níwèé, ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn mí nípa ọmọ ènìyàn. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó wúlò.

Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, bàbá mi mú mi lọ bá obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Ìyìn. Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n ti bí i, Adó ló ti ń ránṣọ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín lásán, tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó wò mí.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo ní mo lè ránṣọ díẹ̀, pé wọ́n kọ́ wa nílé ìwé.

"Ta ló bi ọ́ nípa rírán? Ṣé o mọ̀ ọ́n tú?"

Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún odidi ọdún àkọ́kọ́, títú ni mo ń tú. Màmá Ìyìn á ju ògbólógbòó jẹ́sì sí mi lẹ́sẹ̀, á ní kí n tú u láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀, kí òwú má já, kí aṣọ má ya. Kò gbà kí a fi abẹfẹ́lẹ́ kan aṣọ. Abẹ́rẹ́ nìkan ni, a ó máa fa òwú náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa ẹ̀gún yọ lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Bí òwú bá já, á gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, á tún un rán, á sì jù ú padà sí mi. Mo sunkún títí ó fi sú mi.

"Uṣẹ́ tí o kò bá mọ̀ ọ́n tú, má rán an," ló máa ń sọ. Uṣẹ́ àti ulé ló máa ń pe iṣẹ́ àti ilé, kódà bó bá ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fi ohùn Èkìtì rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan mo gbìyànjú, mo ní, "Màmá, ta ló máa ń fẹ́ kí wọ́n tú aṣọ tuntun?"

"Ẹni tó fi ọkàn méjì rán an." Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Wọ́n pọ̀."

Lẹ́yìn ọdún yẹn ló jẹ́ kí n fọwọ́ kan máṣínnì. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tèmi gbóná dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Àjíǹde, ìdíje bọ́ọ̀lù máa ń wáyé ní Adó. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló ń kópa. Mẹ́rin jẹ́ ti Adó fúnra rẹ̀: Ẹkùn, Àṣá, Ìjì àti Mànàmáná. Mẹ́rin tó kù ń wá láti àwọn ìlú tó yí wa ká, bí Ìyìn àti Ìjan. Àwọn ti Adó ní bàtà, wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn ti Ìjan ń ti oko wá. Ọ̀dọ̀ Màmá Ìyìn ni gbogbo wọn ti ń rán jẹ́sì, nítorí òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ tó ń fà láìjẹ́ pé ó wọ́.

Jàǹbá kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Lọ́dún náà, Ẹkùn mú aṣọ aláwọ̀ ewé wá, Ìjan náà mú aláwọ̀ ewé wá. Màmá Ìyìn rí i, ó ní òun máa fi ìlà yẹ́lò sí àyà ọ̀kan kí wọ́n lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ sìnkú ní Ìyìn. Fúnkẹ́, ọmọṣẹ́ tó jù mí lọ, ló wà nídìí ọjà. Àwọn ọmọ Ẹkùn wá, wọ́n kí i, wọ́n yìn ín, wọ́n ra búrẹ́dì àti ohun mímu tútù fún un. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Fúnkẹ́ kó jẹ́sì wọn fún wọn bó ṣe wà.

Nígbà tí Màmá Ìyìn dé, ó wo ibi tí aṣọ náà wà tẹ́lẹ̀. Fúnkẹ́ ní wọ́n sọ fún òun pé àwọn ti bá Màmá sọ ọ́. Irọ́ ni, Ìjan náà sì ti kó tiwọn lọ.

Ẹgbẹ́ méjèèjì bá ara wọn pàdé ní pápá pẹ̀lú aṣọ kan náà. Rẹfirí ní kí ẹgbẹ́ kan bọ́ tiwọn. Ẹkùn ní àwọn ló kọ́kọ́ gba aṣọ. Ìjan ní aránṣọ kan náà ló rán an, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ló máa gbá bọ́ọ̀lù níhòòhò? Ẹnì kan ju òkúta, a ò mọ ẹni náà títí di òní. Òkúta náà bá ọ̀dọ́kùnrin Ìjan kan lójú, ojú náà sì fọ́. Lẹ́yìn náà ni èrò ya bo ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n gbé máṣínnì Màmá Ìyìn jáde, wọ́n là á mọ́ títì ọlọ́dà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń fọ́.

Màmá Ìyìn kò lé Fúnkẹ́ lọ. Ó ní bó bá lé e, ibòmíì ló máa ti lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn ló ti dá Ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdíje ni. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè gba jẹ́sì ṣáájú ọjọ́ náà, bó jẹ́ ti ọmọ ọba. A ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó tẹ́ jẹ́sì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan síta, ẹ̀yìn rẹ̀ lókè kí nọ́ńbà hàn, apá rẹ̀ méjèèjì nínà gbalaja. Gbogbo ẹgbẹ́ á rìn yí i ká, wọ́n á rí ti ara wọn. Bí àwọ̀ bá jọra, a ó tún un ṣe níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó tiwọn lọ.

Nígbà tí Màmá Ìyìn kú, mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì gba ọjọ́ náà mọ́ ọn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Máṣínnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, mo ra oníná, ṣùgbọ́n mi ò ta ẹlẹ́sẹ̀, nítorí iná ìjọba kì í sọ ìgbà tó máa lọ. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni a máa ń gé nọ́ńbà lára aṣọ funfun, a ó wá rán an mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni àyọ́n ńlá tó ń fi ooru lẹ nọ́ńbà dé. Nísinsìnyí, wọ́n ń tẹ odidi jẹ́sì jáde láti Èkó, nọ́ńbà, orúkọ àti gbogbo rẹ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀tá ohun tuntun, mo ra àyọ́n náà. Ṣùgbọ́n mo fura sí i. Ohun tí a bá fi ooru lẹ̀, ọjọ́ tí a bá ní kó kúrò, á gbé ara aṣọ lọ. Ohun tí a bá rán ni a lè tú.

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó ń dúró de aṣọ ló wà fún, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ di tiwọn. Ẹni tó ń ṣe aṣáájú wọn ni Tíṣà, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń ṣe Ẹkùn nílé, tó sì ń ṣe ẹgbẹ́ òyìnbó onípupa kan lẹ́yìn odi. Alága Bàyọ̀ náà máa ń wá. Símẹ́ńtì ló ń tà, òun sì ni alága Ẹkùn. Ẹnì kẹta ni Káyọ̀dé, ọmọ Ìjan, tó ń gun ọ̀kadà ní Adó, tó sì ń kó ẹgbẹ́ Ìjan jọ. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin tí òkúta fọ́ lójú nígbà yẹn.

Nígbà tí ìròyìn jáde pé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó lówó jù ní Yúróòpù fẹ́ yà sọ́tọ̀, kí wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kò ti ní dé, bẹ́ǹṣì mi gbóná.

"Ọ̀kánjúà pátápátá," Alága Bàyọ̀ wí. "Ẹni tó ń jẹ ẹran kò fẹ́ kí ẹlòmíì lá ọbẹ̀."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Alága," Káyọ̀dé dáhùn. "Ìjà erin àti erin lèmi fẹ́ máa wò. Kí ni mo fẹ́ fi ti erin àti ewúrẹ́ ṣe?"

"Ẹ gbọ́ ọmọ Ìjan," Tíṣà wí. "Ewúrẹ́ ń bú ewúrẹ́."

"Tíṣà, ṣebí ẹgbẹ́ tiyín wà lára àwọn tó fẹ́ yà," Káyọ̀dé wí.

"Ó wà níbẹ̀. Bí ọmọ ẹni bá jalè, ṣé a ó ní àdúrà ló lọ gbà?"

"Ẹ óò sì tún lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá yà tán," Alága wí, "ta ni wọ́n máa nà? Ara wọn. Kí ló dùn nínú ìyẹn? Ọlọ́run kò fẹ́ irú nǹkan báyẹn. Màmá Jẹ́sì, kí lẹ rí sí i?"

Mo ní mò ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́. Ẹni tó bá pariwo olè jù lọ́jà, ọwọ́ tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó fi yí ohùn padà, nítorí àwọn alátìlẹ́yìn wọn tú síta lé wọn lórí. Inú bẹ́ǹṣì dùn bí ẹni pé láti Adó ni wọ́n ti fi igi lé wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìdíje tiwa tún sún mọ́lé. Alága Bàyọ̀ mú aṣọ Ẹkùn wá, ó sì mú báàjì wá mọ́ ọn: ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà lórí aṣọ dúdú róbótó. Ó ní kí n fi àyọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òsì gbogbo jẹ́sì. Mo ní màá rán an. Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ yọ ara mi lẹ́nu. Mo ní bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni balógun Àṣá wá, òun nìkan. Ó mú báàjì jáde. Ìràwọ̀ wúrà kan náà ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjì, lẹ́yìn náà Mànàmáná. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé mi ò rí ti ẹnìkejì. Ẹgbẹ́ mẹ́rin tó jẹ́ pé wọ́n ti jà rí nítorí ẹni tó máa jókòó síbi ibòòji. Ìgbà wo ni wọ́n gbà láti jọ lo ìràwọ̀ kan?

Alága padà wá. Ó fa àga súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá Jẹ́sì, ẹ jẹ́ kí àwa mẹ́rin kó tiwa ṣáájú Ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A fẹ́ dá dúró ni. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje la máa kéde rẹ̀ ní pápá. Àwa mẹ́rin á máa gbá tiwa lọ́tọ̀. Ẹ̀yin náà mọ pápá Ìjan, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ wo bọ́ọ̀lù gidi."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n á rí nǹkan ṣe." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kì í sọ̀rọ̀, Màmá. Ìdí tí ọkàn wa fi balẹ̀ sí yín nìyẹn. Iṣẹ́ wa kò sì ní kúrò lọ́wọ́ yín."

Mo ní mo gbọ́. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yìí fi bú òyìnbó lórí bẹ́ǹṣì mi ló gbé wá sínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí. Káyọ̀dé sì ń kọjá lárààárọ̀, ó ń fun fèrè ọ̀kadà rẹ̀ kí mi, "Màmá, àwọn ọmọ mi ti ń sáré lórí òkè o. Lọ́dún yìí, Ẹkùn máa gbà." Mo ń dá a lóhùn. Bí àwọn mẹ́rin bá yà, kò sí pápá míì tí ẹnikẹ́ni ti máa rí àwọn ọmọ Ìjan. Oko ló kù fún wọn.

Mo ronú bóyá kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n Màmá Ìyìn kò gbà kí a máa gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún èkejì, ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tú. Bí mo bá sì fi aṣọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́, mo ti ṣe ohun tí Fúnkẹ́ ṣe. Nítorí náà mi ò ṣe èyíkéyìí. Mo ránṣẹ́ sí Alága pé ó di Ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ, bí ó ti máa ń rí. Inú bí i, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìdíje sì ti dé tán. Ó ní kí n bá wọn ká a sínú ọ̀rá nígbà náà. Mo ní kí wọ́n kàn wá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi àti Bísí, ọmọṣẹ́ mi, tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù. A tẹ́ jẹ́sì bí a ṣe máa ń tẹ́ ẹ: ẹ̀yìn lókè, apá gbalaja. Mi ò gbé ti ẹnikẹ́ni síwájú ju ti ẹlòmíì lọ. Àwọn ẹgbẹ́ dé, àwọn ará bẹ́ǹṣì dé. Alága rí bí a ṣe tẹ́ aṣọ, ó sì wò mí. Mo ń gbá ewé kúrò lórí ẹní.

Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ rìn yí i ká, ó ń wo àwọ̀. Ó dúró níwájú Ẹkùn. Ó lọ síwájú Àṣá, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n Bàyọ̀, irú ìràwọ̀ wo nìyí?"

"Onígbọ̀wọ́ ni."

"Ti ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Onígbọ̀wọ́ kan náà ni."

Tíṣà gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè. "Onígbọ̀wọ́ wo ló mọ ọ̀nà Àṣá, tí kò mọ ọ̀nà Ìyìn?"

Balógun Àṣá ń wo bàtà rẹ̀. Alága rí i pé kò sí ibi tí òun máa gbà, ó gbé orí sókè, ó sì sọ ọ́: pé àwọn fẹ́ ya líìgì tiwọn, pé kì í ṣe ọ̀tá, pé ìtẹ̀síwájú ni.

"Ṣebí lórí bẹ́ǹṣì yìí lẹ ti sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ ẹ," Káyọ̀dé wí. Kò pariwo.

"Ti òyìnbó nìyẹn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rín. Ó na ìka sí Káyọ̀dé. "Ìwọ náà ńkọ́? Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n máa lọ? O ní ìjà erin àti erin lo fẹ́ wò."

"Èmi ni. Mi ò tíì mọ bó ṣe máa ń rí lára ewúrẹ́ nígbà yẹn."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ká jẹ́sì Ìjan, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ẹnikẹ́ni.

Tíṣà dìde. "Alága, Ẹkùn ni mí láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọdún tí Ìjan nà wá, mi ò jẹun alẹ́. Bí mi ò bá ní rí ọjọ́ náà tí a máa gbẹ̀san, kí ni mo wá wò? Bí ẹ bá yà, èmi ò tẹ̀ lé yín."

Mo retí pé ọ̀rọ̀ Tíṣà ló máa yí wọn lọ́kàn padà. Kì í ṣe òun. Balógun Àṣá ló súnmọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "Màmá, ẹ bá mi tú tèmi." Mo bi í léèrè ohun tó dé. Ó wo ẹ̀yìn. "Nínú mẹ́jọ, a kì í gbẹ̀yìn. Nínú mẹ́rin, àwa la máa gbẹ̀yìn lọ́dọọdún." Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló bà á, kì í ṣe pé àánú Ìjan ṣe é. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìjì àti Mànàmáná rí i pé Àṣá ti yọ ọwọ́, wọ́n kó tiwọn wá. Alága nìkan kò lè dá líìgì ṣe. Òun ló kẹ́yìn.

Mo jókòó sábẹ́ igi, mo mú abẹ́rẹ́. Mi ò lo abẹfẹ́lẹ́. Mo fa òwú yọ díẹ̀díẹ̀, kò já, aṣọ kò ya. Gbogbo wọn dúró ń wò mí. Títú tí mo fi odidi ọdún sunkún lé lórí, ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìdí tí Màmá Ìyìn fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ hàn róbótó lápá òsì àwọn jẹ́sì náà, kò sì parẹ́ títí wọ́n fi gbó.

Ẹkùn na Ìjan lọ́dún náà, góòlù mẹ́ta sí òdo. Káyọ̀dé kí mi lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Wọ́n nà wá, Màmá, ṣùgbọ́n wọ́n rí wa."

Bísí ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ó bi mí láìpẹ́ yìí bóyá kí òun fi Ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ sílẹ̀, nítorí jẹ́sì tó ń ti Èkó wá ti wà nínú ọ̀rá, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tú u sórí ẹní mọ́. Mo ní kó má fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo tú ìràwọ̀ wọ̀nyẹn, Alága ló kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó sọ fún mi pé òun ń lọ jù wọ́n sí ààtàn. Mo ń wò ó. Ó tò wọ́n lé ara wọn, ó gbọn òwú kúrò lára wọn, ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó ká wọn sínú rẹ̀ dáadáa, ó sì tì í bọ àpò àyà.

Èmi ti da àkísà nù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó fẹ́ da nǹkan nù kì í ká a.